Lọ́rì Wa Tí Ó Dúró Sí Edjeba, Àti Iná Kékeré Tí A Fi Ṣe Ẹ̀rín

Inú wa ìbá dùn bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ni a fẹ́ kọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lọ́rì ni. Ẹnu ti ń kùn lẹ́yìn ìpàdé pé dẹ́rẹ́bà wa ni ó ba owó àwọn àgbà jẹ́ ní Warri, pé ọmọ náà kò gbọ́n, pé kí a lé e lọ. Àwa tí a ni lọ́rì náà ni a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu wa kí ẹ tó dá ẹjọ́. Ẹ̀bi náà pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti pọ̀ lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà lọ.

Àwa mẹ́fà ni a dá owó jọ, tí a fi ra Mercedes 911 àlòkù kan. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ opó, gólù ọrùn rẹ̀ ni ó tà kí ó tó lè san ìdá tirẹ̀. Ẹ kò níí ṣàìmọ irú lọ́rì bẹ́ẹ̀, èyí tí imú rẹ̀ kúrú tí ó sì rí roboto níwájú, tí ẹ máa ń rí tí ó ru àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù láti òkè Ọya níhìn-ín lọ sí ìhà gúúsù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, mẹkáníìkì tí kò bá sì mọ̀ ọ́n tú kò tíì kọ́ iṣẹ́ tán. Ṣùgbọ́n arúgbó ni tiwa. Ọwọ́ kékeré tí ó yẹ kí ó máa fi agbára ọ́ìlì hàn lójú dáṣíbọọ̀dù ti kú kí a tó rà á, iná pupa kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù. A rí i, a kò bèèrè. Owó rẹ̀ kò wọ́n, inú wa sì ń dùn.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Kano sí Warri mọ ohun tí ọkọ̀ ń fojú rí níbẹ̀. Yóò gba Zaria àti Kaduna, yóò kọjá Lokoja, yóò gun àwọn òkè Okene, yóò bọ́ sí Auchi, yóò la Benin àti Sapele kọjá kí ó tó wọ Warri. Nínú eruku ni ó ti gbéra, inú omi ni ó ń lọ. Ní ìrìnàjò tí ó ṣáájú èyí tí a ń sọ, iná pupa náà tàn nígbà tí ọkọ̀ kù díẹ̀ kí ó dé Lokoja. Dẹ́rẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sun ibẹ̀ mọ́jú, ó wá rẹwáyà rí ní òwúrọ̀. Wọ́n rí i pé wáyà kan ni ó há, tí ara rẹ̀ bó, tí ó ń kan irin. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó padà dé, a pè é jókòó, a sì bínú sí i. A ní ọjọ́ kan ti ṣòfò, a ní tòmátò ti bàjẹ́, a sì yọ nínú owó rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ bi í léèrè pé, “Iná tí kò tó èékánná ọmọdé ni ìwọ fi dá odidi lọ́rì dúró?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi.”

Ó gbọ́ ohun tí a wí, ó sì fi í sọ́kàn.

Ní ìrìnàjò kejì, àlùbọ́sà ni a kó sínú ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé àlùbọ́sà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pẹ́ lábẹ́ tapólínì, yóò làágùn, yóò hù, yóò sì rà. Lẹ́yìn Auchi ni iná náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, iná a tàn. Bí ó bá tẹ tọ́ròtù, iná a kú. Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní yaron mota, sọ fún un pé kí wọ́n dúró. Ó dá a lóhùn pé òun kò ní owó tí wọn yóò tún yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bìkítà ni, nítorí nígbà tí wọ́n dé Benin, ó fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì kún. Ó tilẹ̀ kún ju àmì òkè lọ. Ó yọ̀, ó ní a kú oríire, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Wọ́n dé Warri ní àṣálẹ́. Edjeba ni oníbàárà wa ti ń dúró de ẹrù, ní àdúgbò tí ilé iṣẹ́ Shell kọ́ ọgbà ilé sí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ẹni ń gún elùbọ́, ó sì kú. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ẹ wo bí ayé ti rí: Warri tí ó wà láàrin ilẹ̀ epo, tí ilé ìfọpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ekpan ní 1978, tí a la páìpù epo rọ̀bì láti ìhà ibẹ̀ wá sí ilé ìfọpo Kaduna tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ wa lọ kú sí nítorí ọ́ìlì.

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè ní Edjeba kò tíì gbé sípánà sílẹ̀ tí ó fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó fa ọ̀pá yọ, ó gbé e sí imú, ó sì nà án sí dẹ́rẹ́bà wa pé kí òun náà gbọ́ ọ. Dísẹ̀lì ni ó ń rùn. Ọ́ìlì náà ṣàn lójú ìka bí omi. Pọ́ńpù kékeré tí ń fa dísẹ̀lì láti inú táńkì ti jẹ nínú, ó sì ti ń jò wọ inú ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ará, ọ́ìlì kì í bímọ. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ń pọ̀ láìsí ẹni tí ó bù ú kún un, dísẹ̀lì tàbí omi ni ó wọlé tọ̀ ọ́, kì í ṣe ohun ayọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé iná yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń pe ara wa ní olówó ọkọ̀ ni kò mọ ohun tí ó ń sọ. Súwíìṣì kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì, wáyà kan sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, súwíìṣì náà so wáyà yìí mọ́ ara irin, nítorí náà iná a tàn bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí pọ́ńpù sì ń ti ọ́ìlì, agbára ọ́ìlì a ti súwíìṣì náà, a já wáyà kúrò lára irin, iná a sì kú. Iná náà kò mọ iye ọ́ìlì tí ó wà nísàlẹ̀. Agbára tí ọ́ìlì fi ń rìn nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí dẹ́rẹ́bà wa kò mọ̀ ní Benin nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́fà tí ì bá sọ fún un. Ọ́ìlì lè kún dẹ́nu kí agbára rẹ̀ sì ti tán.

Ó tún kù ohun kan. Súwíìṣì náà kì í tan iná àfi ìgbà tí agbára ọ́ìlì bá ti wálẹ̀ gan-an. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá dúró de iná ọ́ìlì kò wò ó láti òkèèrè mọ́, igi ti dé ìpéǹpéjú. Nítorí náà kò sí ohun tí ń jẹ́ kí a ṣáà rọra wà á dé ìlú tí ó wà níwájú.

Ohun tí ó yẹ kí dẹ́rẹ́bà ṣe kò le. Kí ó yà kúrò lójú títì, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ó gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹlòmíràn má baà sáré wọ̀ ọ́ nídìí. Kí ó dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, kí ó fa ọ̀pá yọ, kí ó nù ún, kí ó tún kì í bọ̀ ọ́, kí ó wò ó. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, kí ó wá ibi tí ó ń jò sí. Bí ó bá kún ju àmì lọ, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó sì fi ìka méjì pa á. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan wáyà. Kí ó yọ wáyà tí ó wà lórí súwíìṣì, kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì. Bí iná kò bá kú, wáyà ni ó ń kan irin níbì kan, bí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lokoja; kí ó tún un ṣe, kí ó dá a padà, kí ó ta ẹ́ńjìnnì, kí ó sì rí i pé iná náà kú kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú nígbà tí a yọ wáyà, wáyà kò ní ẹ̀bi. Yálà súwíìṣì ni ó bàjẹ́, yálà agbára ọ́ìlì ni kò sí lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó jẹ́. Kí mẹkáníìkì tú súwíìṣì, kí ó de gééjì sí ojú ihò rẹ̀, kí ó ka agbára ọ́ìlì gan-an. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sáré ra súwíìṣì tuntun láì lo gééjì, orí ni ó ń ta.

Àwọn míràn yóò sọ pé iná tiwọn kì í dá wọn láàmú. Ẹ lọ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lówùúrọ̀ ọ̀la kí ẹ wò ó. Bí iná ọ́ìlì kò bá tàn kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì, gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí ẹnì kan ti já wáyà rẹ̀. A mọ àwọn tí ń ta ọkọ̀ tí wọ́n ń yọ gílóòbù kí oníbàárà má baà rí iná, a sì mọ dẹ́rẹ́bà tí ó fi téèpù dúdú lẹ ojú iná mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń ta á lójú lóru. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kì í tàn rárá burú ju èyí tí iná rẹ̀ ń tàn lọ.

Bí ó ti rí fún ti ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún iná tí ó ní àwòrán bátìrì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dẹ́rẹ́bà kì í kà á sí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì àtijọ́ kò nílò iná mànàmáná láti máa yí. Ọmọ Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é, Rudolf Diesel, fi hàn ní 1897 pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, yóò gbóná tó láti dáná sí epo fúnra rẹ̀. Nítorí èyí ni dẹ́rẹ́bà ṣe máa ń rò pé bí bátìrì kò bá gba iná, ọkọ̀ ṣáà ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò máa lọ, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà náà ni iná iwájú yóò máa pọ́n, tí yóò máa rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì kú láàrin igbó Okene pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì tí ń yí alternator náà ni ó ń yí pọ́ńpù omi. Bí ó bá já, ẹ́ńjìnnì yóò hó kí a tó rìn jìnnà. Nítorí náà, bí iná bátìrì bá tàn, bẹ́líìtì ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí bẹ́líìtì bá wà tí kò dẹ̀, kí a wo ojú ìdè wáyà. Eruku òkè Ọya àti òjò Warri kò jọ ń gbé pọ̀ lára wáyà kí ó má hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ sì jẹ́ kí a fi kún un pé nínú ọ̀pọ̀ alternator àtijọ́, iná tí ó gba inú gílóòbù kékeré yẹn kọjá ni ó ń jí alternator sí iṣẹ́. Gílóòbù jó, bátìrì kò sì gba nǹkan kan mọ́.

Ti afẹ́fẹ́ búrékì, a kò níí sọ ọ́ gùn, nítorí ikú ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kí ọkọ̀ má ṣe kúrò ní gáréèjì kí iná afẹ́fẹ́ tó kú. Bí ó bá tàn lójú ọ̀nà, kí a dúró nígbà tí búrékì ṣì ń mú. Kí ọmọ ọkọ̀ máa tú omi inú táńkì afẹ́fẹ́ dànù lójoojúmọ́, pàápàá bí wọ́n bá wà ní Warri níbi tí ooru àti òjò ti jọ ń gbé.

Wàyí o, ohun tí a ń bá ẹgbẹ́ wí. A fẹ́ kí ìpàdé fi ẹnu kò pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ní ọkọ̀ tí yóò tún yọ owó dẹ́rẹ́bà nítorí pé ó dúró nígbà tí iná pupa tàn, ìbáà jẹ́ wáyà ni wọ́n bá níbẹ̀ lẹ́yìn náà. A ti sọ èyí fún àwọn bàbá kan, wọ́n sì ti dá wa lóhùn. Wọ́n ní àwọn dẹ́rẹ́bà yóò sọ iná di àwáwí, pé ẹni tí ó ní àlè ní Benin yóò máa rí iná pupa ní Benin. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọ, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwa náà mọ irú àwọn dẹ́rẹ́bà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò bí oníṣòwò. Owó tí a yọ lọ́wọ́ ọmọ yẹn nítorí Lokoja kò tó owó agolo ọ́ìlì kan. Nísinsìnyí a ń san owó kránkì tí wọ́n ń lọ̀, owó bẹ́ríńgì, owó pọ́ńpù, owó mẹkáníìkì, a sì ti ta àlùbọ́sà ní ẹ̀bá ọ̀nà Edjeba ní owó yẹpẹrẹ nítorí pé ó ti ń hù. Bí dẹ́rẹ́bà bá tàn wá jẹ nígbà mẹ́wàá ní Benin, kò níí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń purọ́, kí ó bi í ní ìbéèrè: Kí ni ọ̀pá ìwọn sọ? Nígbà tí o yọ wáyà, ṣé iná kú tàbí kò kú? Ẹni tí kò ṣe é kò níí mọ èsì.

A tún ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí a fi owó àpapọ̀ ra gééjì agbára ọ́ìlì kan àti ohun èlò ìwọn iná mànàmáná kan, kí wọ́n wà lọ́wọ́ akápò, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù máa yá wọn lò kí ó tó san owó. Bí a bá ti ní irú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ra lọ́rì wa, a ò bá ti mọ ipò tí ẹ́ńjìnnì náà wà. Kí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì wá fi hàn wá ní ìpàdé bí a ti ń lò ó. Ojú kò gbọdọ̀ tì wá nítorí pé a ti dàgbà.

Ohun kan wà tí ń dùn wá tí a kò lè fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọ náà àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ fi sùn sábẹ́ lọ́rì nínú òjò ní Edjeba kí a tó fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn, nítorí pé a ṣì ń bínú. Ìyá kan tí ń ta oúnjẹ níbẹ̀, ará Itsekiri tí èdè wọn jẹ́ ìbátan èdè wa, ni ó ń bu oúnjẹ fún wọn láwìn. A ti san gbèsè náà. Kí Ọlọ́run san án fún ìyá náà ju bí a ti san án lọ.

A ti dá owó Lokoja padà fún dẹ́rẹ́bà, a sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ìyàwó wa. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò níí ta ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà mọ́ títí wọn yóò fi de gééjì olówọ́ tuntun sí dáṣíbọọ̀dù, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa náà. A fi owó gééjì ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ Ajé.